5W-30 àbí 20W-50? Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ọ́ìlì tó yẹ ẹ́ńjìnì yín

Tẹ́ ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Géètì n'Ìbàdàn, kẹ́ ẹ tó sọ irú mọ́tò tẹ́ ẹ ń wà tán, ọ̀pọ̀ ìgbà gálọ́ọ̀nù 20W-50 ni wọ́n máa gbé síwájú yín. Ẹ béèrè ìdí, wọ́n á ní oòrùn ilẹ̀ wa ti le jù, pé ọ́ìlì tó bá ń ṣàn jù ò ní lè dúró nínú ẹ́ńjìnì. Àwọn mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ dáadáa gan-an máa ń sọ ọ́, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ tan èèyàn jẹ, ohun tí ọ̀gá wọn kọ́ wọn nìyẹn nígbà tó jẹ́ pé Peugeot 504 àti Datsun ló kún títì, ó sì bá àwọn mọ́tò yẹn mu. Àmọ́ mọ́tò tó wà níta báyìí ti yàtọ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo fẹ́ fi ìfiwéra yìí hàn yín, ni pé oòrùn kọ́ ló yẹ kó bá yín yan ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ ni, irú èyí tó jẹ́ àti bó ṣe gbó tó.

Nọ́ńbà méjì tó wà lára gálọ́ọ̀nù

Nọ́ńbà tó ṣáájú W, ti òtútù ni. Tí wọ́n bá ní 0W, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán an wò ní òtútù -35°C, ẹ́ńjìnì ṣì lè yí. 5W jẹ́ -30, 10W jẹ́ -25, 15W jẹ́ -20, 20W jẹ́ -15. Kódà lásìkò ọyẹ́ tó mú jù, omi ò lè dì ní Ìbàdàn, ká má tíì sọ Èkó, torí náà èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò nínú wọn, mọ́tò yín máa stáàtì. Ibi tí nọ́ńbà yẹn ti ṣì kàn wá ni ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, mo máa padà síbẹ̀.

Nọ́ńbà tẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù fún wa. Bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá ti gbóná dé 100°C ló ń sọ. Ọ́ìlì tó jẹ́ 20 gbọ́dọ̀ wà láàárín 6.9 sí 9.3 cSt (òun ni wọ́n fi ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ki tó), 30 láàárín 9.3 sí 12.5, 40 láàárín 12.5 sí 16.3, 50 láàárín 16.3 sí 21.9. Ẹ wò ó dáadáa, látorí 30 lọ sórí 50 kì í ṣe ìgbésẹ̀ kékeré rárá, àmọ́ a máa ń fò ó bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn wá ńkọ́? Camry tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lásìkò òtútù àti irú ẹ̀ tó wà ní Ṣómólú lọ́sàn-án gangan, tí àwọn méjèèjì bá ti rìn tí wọ́n gbóná tán, ooru inú ẹ́ńjìnì wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Thermostat ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó máa ń ṣí ní nǹkan bí 82°C sí 90°C kí omi rédíétọ̀ lè wọlé wá tu ẹ́ńjìnì lára, tẹ́ ẹ bá wà nínú go-slow fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tí ọkọ̀ yín bá ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ nínú go-slow, ẹ lọ wo fáànù, ẹ wo rédíétọ̀, ẹ wo bóyá ẹnì kan ti yọ thermostat yẹn dànù (wọ́n máa ń yọ ọ́ gan-an níbí). 20W-50 ò lè tún ìyẹn ṣe.

Ẹ jẹ́ ká gbé 5W-30 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 20W-50

Ẹ jẹ́ ká fi Corolla 2005 ṣe é, èyí tí wọ́n gbé wá láti Amẹ́ríkà tó ní ẹ́ńjìnì 1.8, 1ZZ-FE. Ìwé tí Toyota kọ fún un sọ pé 5W-30 ló dáa jù, pé tí ẹ ò bá rí i kẹ́ ẹ lo 10W-30, kẹ́ ẹ sì padà sórí 5W-30 nígbà sáfíìsì tó ń bọ̀. Wọn ò dárúkọ 20W-50 nínú ìwé yẹn rárá.

Kí ló fà á? Àlàfo tó wà láàárín kránkṣáàfù àti bíárìn tó gbé e dúró nínú irú ẹ́ńjìnì báyìí kéré gan-an, ó máa ń wà láàárín nǹkan bí 0.02 sí 0.05 mm, irun orí yín nípọn jù ú lọ. Àárín ibẹ̀ ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ráyè gbà kọjá lemọ́lemọ́, kì í kàn ṣe pé kó wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa ṣàn, torí ṣíṣàn yẹn ló fi ń gbé ooru kúrò. Ọ́ìlì tó bá ki jù fún àlàfo náà máa jẹ́ kí prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì ga tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n, inú èèyàn á dùn pé prẹ́ṣọ̀ dáa, àmọ́ ọ́ìlì tó ń dé ibi tó yẹ kó dé máa dín kù, ẹ́ńjìnì á tún máa fi agbára ṣòfò láti yí nínú ọ́ìlì tó ki, ẹ̀yin lẹ ń ra epo bẹntiróòlù tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni VVT-i, Honda ń pe tiwọn ní i-VTEC, àwọn ilé iṣẹ́ tó kù náà ní tiwọn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí tó sì ń tì padà, bẹ́ ẹ bá ṣe ń sáré sí. Prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì ló ń tì í, ọ́ìlì yẹn sì gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kékeré kan kọjá kó tó débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ asẹ́ yẹn jáde, kò ju orí ìka lọ. Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ní Corolla 2010, iná check engine tàn, wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, P0011 ló gbé jáde, ìyẹn kóòdù tó ń sọ pé àsìkò fáàfù ò bára mu, wọ́n ti fẹ́ kó ra gíà VVT-i tuntun. Mẹkáníìkì mìíràn ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ da ọ́ìlì tó wà ńbẹ̀ nù ná. Ohun tó jáde jẹ́ 20W-50 tó ti dú kirikiri, asẹ́ kékeré yẹn ti dí pa pẹ̀lú ìdọ̀tí tó dà bí gírísì, wọ́n fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n da ọ́ìlì tó ṣàn tó yẹ ẹ́ sí i, wọ́n pa iná rẹ́, kò sì tàn mọ́. Kì í ṣe gbogbo P0011 ni ọ́ìlì ń fà o, àmọ́ ọ́ìlì ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò torí òun ló rọrùn jù láti tún ṣe.

Ẹ̀kẹta ni ti àárọ̀ tí mo sọ pé mo máa padà sí. Tí mọ́tò bá ti sùn mọ́jú, gbogbo ọ́ìlì ti ṣàn padà sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá stáàtì ẹ̀, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ gbé e gun òkè dé kámṣáàfù. Nígbà tó ṣì tútù, kódà tútù tiwa yìí, 20W-50 máa ń ki tó ìlọ́po méjì 5W-30 tàbí jù bẹ́ẹ̀, torí náà ó máa pẹ́ jù lójú ọ̀nà. Ariwo "ka-ka-ka" tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ láàárọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó parẹ́, irin tí ọ́ìlì ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ máa ń gbọ́ nígbà mìíràn.

20W-50 náà níṣẹ́ tiẹ̀, mi ò bú u. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àlàfo tó fẹ̀, òun ló bá a mu. Nissan Micra tó ń ṣe takisí n'Ìbàdàn, tó ti ṣiṣẹ́ débi pé ẹnikẹ́ni ò mọ iye máìlì tó ti rìn mọ́, tí àlàfo inú ẹ̀ ti fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, tẹ́ ẹ bá da 5W-30 sí i, iná ọ́ìlì lè máa ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tó bá dúró tó ṣì wà lórí iná, ọ́ìlì á sì máa jò níbi gbogbo. Fún irú ẹ̀, 20W-50 ni kó máa lò, ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀.

0W-20 tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù

Tẹ́ ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla 2010 sí 2013, tẹ́ ẹ wo ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ lè rí i tí wọ́n kọ 0W-20 sórí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Honda náà ń kọ ọ́ sórí ọmọrí, Accord 2003 sí 2007 tó jẹ́ sìlíńdà mẹ́rin, èyí tí gbogbo wa ń pè ní End of Discussion àti Discussion Continues, 5W-20 ni Honda ní kí wọ́n lò nínú ẹ̀ l'Ámẹ́ríkà. Ẹ lọ wo ọmọrí yẹn kẹ́ ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, ìyẹn tí kì í bá ṣe pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn pé 20 ti ṣàn jù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìdí kan tí wọ́n fi yan 20 l'Ámẹ́ríkà ni kí mọ́tò má mu epo púpọ̀, torí òfin ìjọba wọn lórí bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ epo lò. Ẹ́ńjìnì náà ò sì kú sí i. Àmọ́ Toyota fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé àwọn mọ́tò yìí pé ọ́ìlì tó ki díẹ̀ sí i lè dáa jù tẹ́ ẹ bá ń sáré gan-an tàbí tẹ́ ẹ bá ń gbé ẹrù tó wúwo. Ẹni tó ń fi Corolla ná Èkó sí Ìbàdàn lójoojúmọ́ pẹ̀lú èrò mẹ́rin àti ẹrù ní búùtù, èmi ò ní bá a jà tó bá lo 5W-30 níbi tí wọ́n ti kọ 0W-20. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ìgbésẹ̀ kan nìyẹn, láti 20 sí 30. Látorí 20 fò sórí 50, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ ìgbésẹ̀.

Tí ọ́ìlì bá ń dín kù nínú ẹ̀ ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa wà ní tòótọ́, torí tòkúnbọ̀ la ń wà. Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe gbó tó. Ọkọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà, tó bá wà ní 120,000 lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kìlómítà 193,000 nìyẹn, èèyàn á rò pé kò tíì rìn. Wọ́n sì tún máa ń dá nọ́ńbà yẹn padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ọ́ìlì ń gbà lọ kẹ́ ẹ tó yí nọ́ńbà padà. Ẹ wo gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì bóyá ó ń jò, ẹ wo fáàfù PCV (fáàfù kékeré tó ń jẹ́ kí èéfín inú ẹ́ńjìnì rí ibi jáde) tí kò wọ́n rárá láti pààrọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá stáàtì láàárọ̀ nìkan ló ń tú èéfín búlúù, síìlì fáàfù ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà ló ń tú u, ríìngì ni kẹ́ ẹ máa rò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Camry Muscle 2007 sí 2009 tó jẹ́ 2.4, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí. Ẹ́ńjìnì 2AZ-FE yẹn mọ ọ́ìlì í mu, Toyota ṣètò àtúnṣe fún un l'Ámẹ́ríkà, nígbà yẹn wọ́n pààrọ̀ pístìnnì àti ríìngì fún àwọn tí ọkọ̀ wọn ń mu ju quart kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan, láàárín 1,200 máìlì. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ò mọ̀ bóyá wọ́n ti tún tiẹ̀ ṣe. Ọ́ìlì tó ki sí i lè dín bó ṣe ń mu ún kù, kò ní wo ríìngì sàn. Ohun tó léwu ju nọ́ńbà ọ́ìlì lọ fún irú mọ́tò yìí ni kẹ́ ẹ má yọ gẹ́ẹ̀jì wò láàárín sáfíìsì kan sí èkejì, ọ̀pọ̀ Muscle tó nọ́ọ̀kì, ọ́ìlì ló tán nínú ẹ̀, olówó ẹ̀ ò mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gòkè, ẹ gun un díẹ̀díẹ̀. Látorí 5W-30 ẹ bọ́ sórí 5W-40 tàbí 10W-40, ẹ lò ó dé sáfíìsì tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ máa wò ó lórí gẹ́ẹ̀jì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tòkúnbọ̀ tó ti rìn jìnnà tí kò tíì bàjẹ́, ibi 40 yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń balẹ̀. Bí mo bá ní kí n mú ọ́ìlì kan fún ẹni tí kò mọ ìtàn mọ́tò tó rà, tí ìwé ẹ̀ sọ pé 5W-30, tó sì ń mu ọ́ìlì díẹ̀, 5W-40 full synthetic (mo máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn nísàlẹ̀) ni màá mú, màá fi 20W-50 sílẹ̀ fún ọjọ́ tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Benz àti Volkswagen ò sí nínú àròyé yìí. Nọ́ńbà ìta nìkan ò tó fún wọn, àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ní àmì ìfọwọ́sí tiwọn, ẹ wá MB 229.5 lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù fún àwọn Benz tó ń lo bẹntiróòlù bí C300, ẹ wá VW 502 00 fún Golf àti Passat. Tí kò bá sí lára ẹ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó.

Mineral, semi, full synthetic

5W-30 àti 20W-50 kọ́ ló ń sọ èyí o, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ṣe ọ́ìlì: mineral ni èyí tí wọ́n fọ̀ látinú epo rọ̀bì, full synthetic ni èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe nílé iṣẹ́, semi ni àdàlù méjèèjì. Ọ̀pọ̀ 20W-50 tó wà lọ́jà jẹ́ mineral, 10W-40 sábà máa ń jẹ́ semi, 0W-20 àti 5W-40 sábà máa ń jẹ́ full synthetic. Mineral ò wọ́n, ẹ dà á nù tó bá ti rin 5,000 kìlómítà. Full synthetic wọ́n gan-an, àmọ́ kì í tètè sun nínú ooru, kì í sì tètè di ẹrẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì, ó lè lo 8,000 dé 10,000. Ní go-slow Èkó, mi ò ní jẹ́ kó dé 10,000, torí ẹ́ńjìnì lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta kí kìlómítà má tíì pé ogún, ọ́ìlì sì ń gbó ní gbogbo wákàtí yẹn. Tówó ò bá tó, mineral tó nọ́ńbà ẹ̀ tọ̀nà tẹ́ ẹ ń pààrọ̀ lásìkò sàn ju full synthetic tẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀ lọ.

Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù

Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í wò rárá, èmi sì rò pé ó ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́ ju nọ́ńbà lọ. Ẹ yí gálọ́ọ̀nù sẹ́yìn, ẹ wá API (àjọ kan l'Ámẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ọ́ìlì kalẹ̀), lẹ́tà méjì ló máa tẹ̀ lé e. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, ti bẹntiróòlù ni, tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, ti dísù. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A tó ló ṣe dáa tó. SL jáde ní 2001, SM ní 2004, SN ní 2010, SP ní 2020. Gálọ́ọ̀nù tí owó ẹ̀ kéré jù lórí pátákó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lè bá SF tàbí SG lára ẹ̀. API fúnra wọn sọ pé SF ò yẹ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988, SG lẹ́yìn 1993. Ẹ wá rò ó, Camry 2008 tó ń mu SF. Ó kéré tán kẹ́ ẹ gbé SN, tẹ́ ẹ bá rí SP ẹ gbé e, SP lè ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́, àmọ́ SF ò lè ṣiṣẹ́ nínú tuntun.

Àwọn tó kù, ní kíákíá. Tírélà àti bọ́ọ̀sì tó ń lo dísù, 15W-40 tó ní CI-4 tàbí CK-4, torí èéfín dúdú tó ń wọnú ọ́ìlì dísù pọ̀, ọ́ìlì bẹntiróòlù ò lè gbé e. Ọ̀kadà, ẹ má da ọ́ìlì mọ́tò tuntun tó ṣàn sí i, ọ̀kan náà ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti ti klọ́ọ̀ṣì nínú ọ̀kadà, ohun tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì mọ́tò láti jẹ́ kó máa yọ̀ lè jẹ́ kí klọ́ọ̀ṣì máa yọ̀ náà, JASO MA, àmì ọ́ìlì tí klọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà ò ní fi máa yọ̀, ni kẹ́ ẹ wò lára ike ẹ̀, Bajaj Boxer ń lo 20W-50. Jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù, SAE 30 tàbí 10W-30, àyàfi kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo, 2T nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ ra gálọ́ọ̀nù tí wọ́n dì, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń bù nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wo ọmọrí bóyá òrùka ìdè ẹ̀ ṣì wà, ẹ wo nọ́ńbà báàṣì bóyá wọ́n ti fá a. Tẹ́ ẹ bá ti da ọ́ìlì sínú mọ́tò tán, ẹ fi ọ̀bẹ dá ihò sí gálọ́ọ̀nù yẹn kẹ́ ẹ tó jù ú, torí àwọn tó ń po ayédèrú ọ́ìlì máa ń ra òfìfo gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ẹ sì mọ iye tó ń gbà. Corolla 2005 ń gbà nǹkan bí lítà 3.7 pẹ̀lú fíltà tuntun, ti 2010 ń gbà 4.2. Gálọ́ọ̀nù jẹ́ lítà 4, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì da gbogbo ẹ̀ sínú ti 2005 kí ó lè tán. Ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù á kan kránkṣáàfù, á máa hó, ọ́ìlì tó ń hó ò lè gbé bíárìn. Ẹ dúró tì wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á dé 3.5, kí wọ́n stáàtì ẹ̀ kí fíltà kún, kí wọ́n pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ yọ gẹ́ẹ̀jì, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún yọ ọ́, kí wọ́n wá fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí á fi dé àmì òkè, kó má kọjá ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú gálọ́ọ̀nù, ẹ gbé e sí búùtù yín, òun lẹ máa fi tọ́ọ̀pù ẹ̀ kí sáfíìsì tó ń bọ̀ tó dé.